Màmá Tí Ó Fi Omi Dán Títì Bàbá Wò

Ọdún 1952 ni a bí Màmá wa, ọmọ kejì bíríkìlà àti aránṣọ. Bàbá tó bí wọn kì í mọ ògiri sórí ìpìlẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ìyá wọn kì í sì í gbé aṣọ fún oníbàárà láì kọ́kọ́ fa ojú rírán rẹ̀ wò. Ẹni bíni là ń jọ, kò sí àní-àní.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1970, wọ́n kọ́ iṣẹ́ títì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì wọ yàrá àyẹ̀wò ọ̀dà títì ní 1975, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀dà àwọn agbaṣẹ́ṣe wò kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọ̀dà gbígbóná, kí wọ́n gún un mọ́ inú agolo irin títí yóò fi le gbagidi. Wọn á fi díẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ, wọn á rẹ ìyókù sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, wọn á wá fi ẹ̀rọ fọ́ gbogbo rẹ̀. Bí èyí tó mumi bá tètè fọ́, tí ọ̀dà ṣí kúrò lára òkúta, a jẹ́ pé òjò yóò jẹ títì náà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀dà dídán yangàn, Màmá á ní kó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe di Ìyá Rẹ-ẹ́-Wò níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ní 1977, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, agbaṣẹ́ṣe títì, ọlọ́yàyà ènìyàn tí kì í fẹ́ gba ẹ̀bi. Ní 1983, ọ̀dà tí Bàbá fẹ́ fi ṣe títì kan dé iwájú Màmá. Èyí tí wọ́n rẹ sómi fọ́ yángá. Bàbá kò fọ òkúta náà kí wọ́n tó pò ó. Eruku ni ọ̀dà lẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí Bàbá ní ló wà nínú iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì bẹ Màmá kí wọ́n dijú, nítorí àwọn ọmọ. Màmá ní ọmọ ẹlòmíràn náà yóò gba títì yẹn kọjá. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn tún àyẹ̀wò náà ṣe, kó má dà bí ìjà tọkọtaya. Èsì kan náà ló jáde.

Nílé, Bàbá kó lọ sí yàrá kejì. Bí Bàbá bá fẹ́ iyọ̀ nídìí oúnjẹ, àǹtí wa àgbà ni wọ́n ń rán, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Màmá ni iyọ̀ wà. Màmá ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yí èsì padà. Nígbà tí òjò dé, ibi kékeré tí Bàbá fi ọ̀dà náà tẹ́ níwájú ọ́fíìsì wọn ṣí bí èèpo. Bàbá fọ gbogbo òkúta, wọ́n po òmíràn, wọ́n sì gbé e padà lọ fún Màmá fúnra wọn. Ó yege. Bàbá padà sí yàrá àkọ́kọ́.

Màmá fẹ̀yìntì ní 2012. Ọlọ́run ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, àdúrà wọn kì í sì í gùn. Àwọn ló kó àwọn aládùúgbò jọ láti la gọ́tà, wọ́n ní ọ̀tá títì kì í ṣe ọkọ̀, omi tí kò ríbi gbà ni. Wọ́n jáde láyé ní 2024, ní ìrọ̀rùn. A dúpẹ́.

Wọ́n fi Bàbá sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àbíkẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, àti ọmọ-ọmọ méje.

Àwa ọmọ fẹ́ fo ọ̀rọ̀ ọdún 1983. Bàbá ló ní dandan ni kí a kọ ọ́. Wọ́n ní láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí Màmá bá ní iṣẹ́ àwọn dára, ọkàn àwọn máa ń balẹ̀ pé ó dára lóòótọ́. Wọ́n ní kò tún sí ẹni tí àwọn yóò bi mọ́.

Màmá, Bàbá ní kí a sọ fún yín pé iṣẹ́ tiyín náà dára. Ẹ sùn re o.