Lẹ́tà Àjíṣafẹ́ sí Wàhábì Nítorí Eyín Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Ìgbó-Ọ̀sàn, lẹ́bàá Pòbẹ́,
Ọjọ́ Àlàmísì, ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí a ṣe Iléyá.

Sí ọmọ mi Wàhábì, ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́, ní Kútọnu.

Wàhábì ọmọ mi, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàágùn, mo kí ọ kú afẹ́fẹ́ òkun tí ẹ ń fà símú níbẹ̀. Mo kí Nimotallahi ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín lójú oorun, yóò máa ṣọ́ yín lójú títì. Bí ẹ bá bi mí léèrè, àlàáfíà ni mo wà láti orí dé itan. Ti ìsàlẹ̀ itan ni mo fi ń kọ̀wé, máa kà á lọ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́. ABD oṣù mẹ́rin tí mo kọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tí mo ń fi orí ru ẹ̀kùrọ́ kiri náà nìyí, kò tíì jẹrà. Tísà ilé-ìwé ibí ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní ẹni tó ru ẹ̀kùrọ́ títí ó fi kọ́ ilé onípáànù kì í yá ọwọ́ lò. Sítáǹbù méjì ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, kí lẹ́tà lè sáré ní ìlọ́po méjì. Ọ̀gá pósì ní ẹyọ kan ti tó, mo ní kó jọ̀ọ́ má dá mi dúró, ọ̀rọ̀ mi ń kánjú.

Ìyá rẹ Safurat wà dáadáa, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, àgbàdo wa sì ti ga ju Mùílíù àbúrò mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò le. Àwọn ènìyàn kúmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, wá kọ orúkọ gbogbo kẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè kan irin pelebe ti owó orí mọ́ ọn. Ìwé wọn béèrè ẹrù tí kẹ̀kẹ́ mi ń rù, mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Àjíṣafẹ́ ni, pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Inú rẹ̀ dùn sí mi gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà wá kàn wàyí. O rántí ọjọ́ tí mo wá rà á lọ́dọ̀ yín. Irin eléyín iwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, ní eyín méjìdínláàádọ́ta. Ìwọ wá gbé irin ẹ̀yìn méjì síwájú mi, ọ̀kan eléyín mẹ́rìnlá, ọ̀kan eléyín ogún. O ní bí mo bá mú mẹ́rìnlá, bí ẹsẹ̀ mi bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti ààbọ̀ díẹ̀ kù, pé ẹrù ńlá nìyẹn fún orúnkún, pàápàá lórí irú kẹ̀kẹ́ yìí tí pẹ́dà rẹ̀ kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ń yí. O ní ogún ni kí n mú, kò ní wúwo. O tilẹ̀ fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ kí n lè gbọ́ dáadáa.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ojú àgbà wò ó. Irin iwájú ni ẹ̀gbọ́n, irin ẹ̀yìn ni àbúrò, ṣéènì ni wọ́n fi ń fà á tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ilé wa, bí a bá pín ẹran, ta ló ń jẹ́ kí ti àbúrò sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n? Mo bá sọ ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ òyìnbó pé kí wọ́n fún àbúrò ní èyí tó kéré, eléyín mẹ́rìnlá. O doríkodò. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló bò ọ́ mọ́lẹ̀. O tún ní kí n gbé ìjókòó sókè títí ẹsẹ̀ mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán bí pẹ́dà bá dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe délé ni mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì fi tẹ ilẹ̀, nítorí baálé ilé ń jókòó ni, kì í bà bí ẹyẹ.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, Wàhábì, n kò purọ́ fún ọ, mò ń fò. Àwọn ọmọdé ń pariwo orúkọ mi láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kan Òkè Amọ̀ lọ́nà Pòbẹ́, orúnkún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, Mùílíù á sì máa sáré lẹ́yìn, á fi ọwọ́ méjèèjì ti ìjókòó mi. Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Bí a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ́dà á máa lé ẹsẹ̀ mi kiri, èmi náà á máa fi orúnkún dá a padà, nítorí n kò fọwọ́ kan bíréèkì rí, mo rò pé ti àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni.

Báyìí orúnkún méjèèjì wú bí òrombó. Alaalẹ́ ni ìyá rẹ ń fi òrí pa á. Ó ní Bàbá Wàhábì, ṣebí kí ẹsẹ̀ lè sinmi lẹ ṣe ra kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ wo ló wá ń sinmi o, ti yín ni àbí ti kẹ̀kẹ́? Mo na orúnkún kejì sí i. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí ju orúnkún lọ rèé. Iléyá tó ń bọ̀ yìí ni jamáà fẹ́ wé láwàní fún mi, kí n di Bàbá Àdínì. O mọ ẹni tó kan páànù mọ́ṣáláṣí wa. Ṣùgbọ́n n kò lè foríkanlẹ̀ mọ́, orí àpótí kẹrosíìnì ni mo ti ń kírun lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tí iwájú orí rẹ̀ kò kan ilẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣe bàbá ẹ̀sìn? Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, Adélékan ni wọ́n ń wò. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ kọ́ kéú ni, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé adìẹ kò lè sùn lé e.

Jímọ̀ tó kọjá, Adélékan yìí kan náà kọjá lára mi lórí Òkè Amọ̀, ó so agbọ̀n iṣu méjì mọ́ ẹ̀yìn, ó ń kọrin. Ó ní Àjíṣafẹ́, ṣé ìwọ lò ń gun kẹ̀kẹ́ ni àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ọ́? Nígbà tí a dé mọ́ṣáláṣí, mo jókòó sórí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n fi àwọn kẹ̀kẹ́ ti ògiri sí. Adélékan foríkanlẹ̀, ó dìde fùú bí ọmọ ogún ọdún. Mo wo orúnkún rẹ̀, mo wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run yóò foríjì mí, mo nawọ́, mo ń ka eyín irin ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti ka mọ́kànlá nígbà tí Lèmọ́mù ké Àláhù Ákíbárù, ó bọ́ mọ́ mi lórí, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjìlélógún ni. Ti iwájú, ogójì péré! Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ tó àbúrò lọ́nà méjì.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo gbé ìjókòó sókè bí o ṣe wí, mo sì ti ń lo bíréèkì bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúnkún ti fi igbe sílẹ̀, tó ń kérora lásán. Kí o gbọ́ mi yé o, n kò sọ pé ìwọ lo jàre. Ohun tí mo sọ ni pé irin kì í ṣe ẹran.

Nítorí náà, fi irin ẹ̀yìn tó tóbi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé, kí o fi aṣọ dì í bí ọṣẹ, kí Adélékan má baà rí i. Mùílíù yóò wà ní ibùdókọ̀ ní Pòbẹ́. Kí Nimotallahi bá mi wo aṣọ láwàní tó funfun dáadáa lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ọjà Misẹ́bọ̀, kí o sì fi owó díẹ̀ sí i fún obì àti oúnjẹ àwọn àlùfáà. Bí o bá fi kún un, n kò ní bínú. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀ wá ṣe Iléyá, kí ọmọ yẹn lè rí bàbá rẹ̀ àgbà lórí kẹ̀kẹ́.

Ohun kan kù tí n kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Láti ọdún tí a ti ń pa àgbò nínú ilé yìí, èmi ni mo ń mú itan. Lọ́dún yìí, Mùílíù ni mo fẹ́ fún. Ó ti ti ìjókòó mi gun òkè tó.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ ní Kútọnu. Orúnkún rẹ yóò máa tẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ kó tẹ̀, yóò sì máa nà nígbà tí o bá fẹ́ dìde. Ọmọ rẹ yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí mo ṣe gbọ́ tìrẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Àjíṣafẹ́ onílé páànù.

Mo fẹ́ pa ìwé dé ni mo rántí: má fi eléyín ogún ránṣẹ́ mọ́. Méjìlélógún ni ti Adélékan. Wá mẹ́tàlélógún fún mi.