Ilẹ̀ Ọjà Ìdí-Ọ̀gànwó Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

                                        Ojúlé 9, Òpópónà Ṣóyẹmí,
                                        Bàrígà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ràmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìdí-Ọ̀gànwó tó wà ní Èkó kò lé mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mi ò jókòó, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní mo bú Alàgbà Ọlápọ̀sí, alága wa, kò sí níbi ìpàdé náà rárá.

Mo ti sáré jù, mi ò tíì kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́? Mo gbọ́ pé Fareedah ni ẹ sọ ọ́. Orúkọ náà dùn lẹ́nu mi. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti omi tí a ń tò fún láràárọ̀ kúrò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sílé, wọ́n sì ti ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, mo rí i pé àárín ilẹ̀ ọjà gan-an ni wọ́n gbé e sí. "Ilẹ̀ òfìfo" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tó fà á. Àwọn ará ilé kì í gbà kí ẹgbẹ́ wá lọ́jọ́ ọjà, torí kò ní sí ẹni tí yóò ráyè gbà wọ́n lálejò. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí àwọn ará Èkó bá dé, koríko àti ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Mo dìde. Mo ní ilẹ̀ yẹn ni gbogbo abúlé àyíká ti ń pàdé. Pé kí a fi ọjà sílẹ̀ láàárín, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ yí i ká, kí ilé ìwòsàn kékeré wà lápá kan, kí a fa iná oòrùn síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ èrò má baà dá níbẹ̀ bí ọjà bá ti tú. Mo ní bí àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé wa bá ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, Bàrígà náà yóò ráyè mí.

"Samson, jókòó," ni Alàgbà wí. "Ó jọ pé ẹ̀rọ tó o fi ń gé bébà ní Ṣómólú ti gé díẹ̀ lára ọpọlọ ẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò jókòó.

Ìyá Níní, tó ń ta bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ló kọ́kọ́ gbè mí lẹ́yìn. "Alàgbà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti ná ọjà Ìdí-Ọ̀gànwó rí?"

"Ṣebí wọ́n ní ká má wá lọ́jọ́ ọjà ni!"

"Ohun tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí yẹn lẹ fẹ́ kọ́lé lé lórí yẹn, sà."

Ó dìde dúró tì mí. Abdulhakeem, tí a jọ ń gbé yàrá, dìde. Bàbá kan láti Onípanu, tí mi ò mọ̀ rí, dìde. Mo ń kà wọ́n lọ, àfi bí àwọn tó jókòó sẹ́yìn ṣe ń dìde, mo bá fi kíkà sílẹ̀.

Ràmọ́nù, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí mo bá tẹ ọ̀bẹ ẹ̀rọ sílẹ̀, tí etí bébà ń já bọ́ bí òjò funfun, ilẹ̀ ọjà wa ni mò ń rí. Ní Ṣómólú níbí, ẹnì kan a tẹ ìwé, ẹlòmíràn a gé e, ẹlòmíràn a lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ kan a máa ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí tilé. Ìwọ ń jó ilẹ̀kùn, iná wẹ́dà rẹ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, kápẹ́ńtà tó wà lódìkejì ń dúró dè é. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé wa yóò máa kọ nǹkan sí ni èmi ń tẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé òórùn gàrí yíyan kọjá. Ọmọ kan jáde ní kíláàsì, ó wo ọ̀nà Èkó, kò wù ú. Mi ò mọ bí mo ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀, àfi kí ọ̀gá mi pariwo pé, "Samson, ìka ẹ o!"

Ṣùgbọ́n Alàgbà kì í ṣe òmùgọ̀. Níbi ìpàdé náà, ó wo gbogbo àwa tó wà lórí ìdúró, ó ní, "Ó dáa, gbọ̀ngàn á dúró. Ta ló ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀? Àbí ẹlòmíràn lẹ fẹ́ kó padà sílé?" Ó ní bí oníṣẹ́ méjì kò bá ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ kí Kérésì tó dé, gbọ̀ngàn ni àwọn yóò kọ́. Ẹnì kan pariwo pé, "Ràmọ́nù wẹ́dà wà nílé!" Mi ò lè sọ fún wọn pé o ti di ẹrù, pé ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀. Orúkọ ara mi ni mo dá fún wọn.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Yóò yá mi ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí a ń fọwọ́ tẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni mò ń bọ̀ wálé. Èmi jẹ́ ẹnì kan, méjì ni wọ́n ní. Mi ò bẹ̀ ọ́. O mọ̀ pé mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe wà ni: bí ìwọ ò bá sí níbẹ̀, wọn yóò kọ́ gbọ̀ngàn náà.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o kí Ẹ̀gbọ́n Iṣẹ́olúwa àti gbogbo ará ilé. Bí o bá ṣì fẹ́ wá sí Èkó, má ṣe dààmú nípa ibùsùn. Mo ti bá àwọn tí a jọ ń gbé sọ̀rọ̀. Àyè mi nínú yàrá ti di tìrẹ. Èmi ni o kò kàn ní bá níbẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
                                        Samson Ẹkúndayọ̀