Àwọn Ìkòkò Tí Kò Dún

Ọjọ́bọ̀, Ìgàndò. Oòrùn ti ń wọ̀.

Ìkòkò mẹ́fà ni mo fọ́ lónìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n kúrò níná tí wọ́n tutù, mo ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yè á dún gooro. Èyí tó ti sán kì í dún. Àkọ́kọ́ ò dún, mo là á mọ́lẹ̀. Ìkejì ò dún. Mo ké sí ìyàwó mi tó mọ wọ́n: "Ìyá Mulikat, àbí àlè lò ń rò nígbà tó ò ń po amọ̀ yìí ni?"

"Àgbàyà yìí, ẹ ò ní yéé ṣeré!"

Ìkeje ló dì mú mọ́ mi lọ́wọ́. "Kí lèyí ṣe yín?"

"Kò dún."

Ó fi ìka tirẹ̀ kàn án. "Ó ń dún bí agogo ilé-ìwé, ẹ ní kò dún?"

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ. Ìró ìkòkò yẹn ni mi ò gbọ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín: "Mẹ́fà yẹn ti sán lóòótọ́. Eléyìí ni mo fi ń dán ẹ wò."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ṣa àpáàdì jọ, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ti ń darúgbó nìyẹn."

Ó yẹ kí n...

Mo ṣì ń dúró kí wọ́n pe ìrun kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ìyá Mulikat kọjá báyìí, ó ká ẹní ìrun rẹ̀ mọ́ abíyá.

"Bàbá Mulikat, wọ́n ti kírun tán o."