A Kì Í Bá Àlejò Wí

Ọmọ mi àtàtà, ìwọ tí o mú ọmú mi gbẹ̀yìn,

Ṣé ara le? Ìyá ilé àti bàbá ilé tó gbà ọ́ sọ́dọ̀ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, o ò sì ní sú àwọn tó ń wò ọ́. Bí o bá béèrè wa, a wà, à ń jẹ, à ń sùn, bàbá yín ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tún ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi òrùlé ilé tí o wà hàn wá nínú fóònù, ó ní láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti yà á. Láti ìgbà náà, mo máa ń kí òrùlé yín kí n tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí aṣọ rẹ kankan lórí okùn lẹ́yìnkùlé, ṣé o ṣì ń fọṣọ? Ọkọ̀ pupa tó wà níwájú ilé náà kò tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí mo ti ń wò ó. Bàbá yín gbé fóònù sún mọ́jú, wọ́n wò ó títí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọkọ̀ oníbàárà, wọ́n ní bátìrì ni, kí bàbá ilé da omi gbígbóná sí i lórí, kí ó má jẹ́ kí mẹkáníìkì kan ta tuntun fún un. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó bàjẹ́.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo ń dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́, ṣe lo ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kí o dákẹ́, o ò dákẹ́. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún un bẹ̀rẹ̀, bóyá o máa gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ náà lo tún ti sunkún. O ní àárò ilé ń sọ ọ́, o fẹ́ padà wálé kí ẹ̀kọ́ tó parí, torí pé o pẹ́ níta, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, o wá bá ìyá ilé nídìí ilẹ̀kùn tó ń dúró dè ọ́, ó bá ọ wí, ó sì ní ìwọ ni wàá máa fọ abọ́ alẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. O ní ó dájú pé kò fẹ́ràn rẹ.

Mo rò ó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí mo fi rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Ọmọ mi, ta ní ń bá àlejò wí? Nígbà tí ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá yín wá kí wa, tó da omi sórí aṣọ tí mo ń rán, ẹ̀rín ni mo rín, mo ní kò burú, mo wá ń retí ọjọ́ tó máa lọ. Ìwọ tí o da tìrẹ, o rántí ohun tí etí rẹ gbọ́. Àlejò kì í fọ abọ́, a kì í sì í bá a wí. Obìnrin tí oorun kò kùn nítorí pé o ò tíì wọlé, o ti dọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, jókòó, parí ẹ̀kọ́ rẹ. Àárò rẹ ń sọ èmi náà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí ju ọjọ́ tó o lọ.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó dátà ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ní òrùlé yín ń jẹ dátà. Bàbá yín náà ní kí o gba owó iṣẹ́ àwọn lọ́wọ́ bàbá ilé.

Ọ̀nà rẹ á là, ọwọ́ rẹ á tẹ ohun tó o torí rẹ̀ lọ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ilé gan-an. Sọ fún un pé mo ní kí ó máa bá ọ wí bí o bá ṣe ohun tí kò dáa, mo fún un láṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ó má bá ọ wí tán o. Kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Èmi,
Ìyá rẹ.