Táyà Tí Mo Tú Lábẹ́ Jíìpù Rẹ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí a kò tíì fojú rí. Ìyá rẹ ní kí n kí yín tán kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti débẹ̀ báyìí, mi ò ní rántí kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín nínú àwọn ilé gíga yẹn, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ara wa le níbí. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, àmọ́ òjò ló dáwọ́ dúró, kì í ṣe pé a tún un ṣe.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù kí n tó mú bíírò. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé o ò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè nípa ará ilé rẹ̀, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, àmọ́ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó gé e. Mi ò tíì bi ìyàwó rẹ léèrè ẹni tó jẹ́, kí n má baà dá ìjà sílẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ táyà jíìpù rẹ ni. Ọwọ́ mi ló wà. Ẹnikẹ́ni ò jí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó o wá mú ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Aránṣọ, lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, bó o ṣe ń fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn wọ àgbàlá ni mo gbọ́ tó ń ké pìn-ìn, pìn-ìn, pìn-ìn. Nígbà tó o dúró, ó dákẹ́. Mo ní nǹkan ń dun ọkọ̀ yìí. Nígbà tó o wọlé lọ wẹ̀, mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Odidi táyà kan ló so rọ̀ síbẹ̀, tó tóbi tó àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó, òkúta odò sì ti ha á lára. Táyà sípíà tí mo mọ̀ ni ti ọkọ̀ Tíṣà Àgbà ilé ìwé wa, tó wà nínú búùtù, tó kéré bíi pé táyà yòókù ló bí i. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń so odidi táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ rí. Mo ní ìyẹn ló ń wúwo sí i lára tó fi ń ké. Mo tún ní bí olè bá na ọwọ́ síbẹ̀, ó ti gbé e lọ nìyẹn.

Mo rí irin gígùn kan lẹ́yìn ìjókòó, mo rí ihò tó wọ̀ lókè nọ́ńbà ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, táyà náà sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí ṣéènì rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ garawa sínú kànga. Inú mi dùn pé mo lè ṣe é. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo yí i wọ yàrá rẹ àtijọ́, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ọmọ mi ni mo ń bá tọ́jú nǹkan.

Mo fẹ́ sọ fún ọ láàárọ̀. Àmọ́ bí mo ṣe gbé àpò àgbàdo wá, o ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún di ẹrù kún ọkọ̀ yìí, gbogbo ohun tá a nílò ló ti wà níbẹ̀. Ojú gbogbo ará ilé lo ti sọ ọ́, ó sì dùn mí díẹ̀. Mo gbé àgbàdo mi padà, mo sì gbé ọ̀rọ̀ táyà mì. Nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, mo ní ara rẹ̀ ti fúyẹ́.

Ìwọ lo mọ èyí tó kù jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa pé táyà ẹ̀yìn bẹ́ láàárín àwọn òkúta orí òkè, pé o wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ, o pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó o sì jáde, ṣe lo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí ló dé, o ní ṣéènì lásán ló kù. Kí lọ́rì agégi tó wá gbé yín dé ìlú, dókítà tó wá láti ọ̀nà jíjìn ti kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

O wá sọ fún ìyá rẹ pé fokanáísà oríta, tó fún táyà rẹ ní afẹ́fẹ́ kó o tó wọlé, òun nìkan ló rí abẹ́ ọkọ̀ náà, òun ló padà wá jí i. Ìyá rẹ sọ fún aládùúgbò kan, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kadà wọn kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí abúlé kejì. Mo máa ń rí i tó jókòó ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, kò tan án, ó kàn ń nù ún. Mo máa ń kí i, ó sì máa ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ohun tó o máa sọ ló ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la.

Yàrá rẹ la fi ẹ̀gbọ́n mi sí nígbà tí wọ́n dé, nítorí ibẹ̀ ló ní atẹ́gùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ń gbọ́ òórùn rọ́bà. Wọ́n ní òórùn ọjọ́ tí táyà bẹ́ ló kọ̀ tí kò kúrò lára àwọn. Ìyá rẹ fọ aṣọ wọn, ó tún un fọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá wọn tí wọ́n gbé aṣọ sí imú, tí wọ́n ń wá ibi tí òórùn náà wà. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo wọlé, mo fa táyà náà jáde lábẹ́ wọn. Wọ́n ní kí ni yẹn, mo ní táyà ọkọ̀ ọmọ wa ni. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká bí wọ́n ṣe máa ń tọ ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, wọ́n ní tuntun ni. Wọ́n wá ní ṣé inú ilé ló wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yíjú sí ògiri. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá mi wí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn wọn ò bá mi wí.

Mo yí táyà náà gba ojú títì lọ sí oríta, lójú gbogbo èèyàn. Ìyá rẹ ń tẹ̀ lé mi, ó ń yà nílé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé ọkọ òun ló gbé e, kì í ṣe fokanáísà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún fokanáísà náà, ó dì mí mú, mo sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi tú u. Ó ní abẹ́ ni wọ́n máa ń so ó sí kí àyè lè wà fún ẹrù nínú búùtù, pé odidi ni nítorí pé kékeré ò lè gba ọ̀nà òkúta. Ó ní igbe tí ọkọ̀ ń ké yẹn, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé kó yà ni. Ó wá ní Bàbá, ẹ ò ṣe bi mí. Mo ní kó bá mi fún un ní afẹ́fẹ́, ó ní òun ti ta ẹ̀rọ ńlá náà, òun àti ìyàwó òun ń kó lọ síbòmíràn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ló fi fọn ún títí ó fi le, kò sì gba owó.

Jọ̀ọ́, wá kí fokanáísà tó kó lọ, kó o fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, màá gbé táyà náà wá fúnra mi. Kó o fi ti ẹni méjì ránṣẹ́ o, awakọ̀ ní bó ṣe tóbi tó yẹn, àyè èèyàn ló máa gbà, owó èèyàn ló sì máa san. Béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú ìgbà tí dókítà ojú náà tún ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á lọ, àmọ́ èmi ni kí n jókòó ti àwọn. Wọ́n tún ní kó o kọ bí ojú ọmọ tuntun yín ṣe rí sínú ìwé, kó o kọ ọ́ dáadáa, kí n kà á fún àwọn.

Bínú sí mi bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbé fóònù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó o na ọwọ́ sí ohun tó o gbójú lé kó o má bá a níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.