Láńdílọ́ọ̀dù Kọ́ Ni Mí

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù,

Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ kú, ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ń gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa tí wọ́n ń fún wa ní náírà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ní ọdún kejì, Ìyá Bọ́sẹ̀, aya mi, tẹ̀ lé yín. Ẹni méjì tó mọ bí a ṣe ń bá ilẹ̀ yìí gbé ti lọ. Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n ni mo ṣẹ́kù. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi àgbà ló ń bá mi kọ èyí, nítorí ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má fi ti tíṣà tún un ṣe.

Iyanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà wa. N kò rán ẹnikẹ́ni níyanrìn. Láti ọjọ́ Ajé ni típà ti ń já a sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ dé, mo fẹ́ rò pé awakọ̀ ṣìnà. Èkejì dé ní ọjọ́ kejì, ẹ̀kẹta dé lónìí. Ó ti ga dé ojú fèrèsé báyìí. Bí ẹ bá jókòó sí ibi tí ẹ máa ń jókòó sí láti bó ọsàn, pẹ̀lú abẹ yẹn tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn, ẹ ò ní rí títì mọ́. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń já sílẹ̀? Yàrá ẹ̀yìn tí a sin yín sí ni mò ń sùn. Tí típà bá ti já iyanrìn, sìmẹ́ńtì tí mo dà lé yín lórí a máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí yìí. Orúkọ kan wà tí wọ́n fi ń pè mí tó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Láńdílọ́ọ̀dù.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọdé ni mí. Ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣòdì, ẹ ń kọ ebè níbí ní Ìsọlọ̀, lórí ilẹ̀ tí Bàbá Ṣùnmọ́nù fún yín. Òyìnbó kan ń wọn ilẹ̀ kiri, ògbufọ̀ rẹ̀ sì bi yín pé, "Ta ni láńdílọ́ọ̀dù ibí?" Ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀, ẹ nawọ́ sí ilé Bàbá Ṣùnmọ́nù. Ẹ ní, "Èmi kọ́ o. Àlejò ni mí. Ẹni tó ni ín ń bẹ lọ́hùn-ún." Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ebè tiyín ni, iṣu tiyín ni, ẹ sì ń fi ọlá fún ẹlòmíràn. N kò bi yín léèrè rí ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí n kò béèrè?

Ọdọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, ẹ ó gbé kẹ̀ẹ̀gì epo kan àti iṣu mélòó kan, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá Bàbá Ṣùnmọ́nù. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, ohun tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín rù ú. Ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó ní, "Ilẹ̀ yín gbà mí, ẹ wá jẹ nínú rẹ̀." Bàbá Ṣùnmọ́nù á ti ìka bọ epo náà, á lá a, á rẹ́rìn-ín. Ó parí nìyẹn. Títí ọdún mìíràn, kò sí ẹni tó máa wá wo ẹnu ọ̀nà yín.

Nígbà tí ẹ kọ́lé tí ayálégbé ń dé, àwọn náà ń pè yín ní láńdílọ́ọ̀dù. Ẹ kì í dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n pè yín ní Bàbá. Èmi dáhùn. Owó epo rọ̀bì dé, gbogbo ayé ya wọ Èkó wá wáṣẹ́, wọ́n ń sùn ní mẹ́fà mẹ́fà nínú yàrá kan. Ẹni tó bá ti ní yàrá méjì di láńdílọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì kan ní Èjìgbò tó fi pákó kan ìsọ̀, láńdílọ́ọ̀dù ni. Ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á rí ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ yọ, á ní, "Láńdílọ́ọ̀dù mi, ẹ sún wọlé, ọlọ́rọ̀ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà!" Àwọn ọmọdé inú ilé wa ń pe akọ aláǹgbá orí ògiri ní láńdílọ́ọ̀dù, nítorí pé ó ń mirí fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń pe Ìyá Bọ́sẹ̀ ní láńdíléédì, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé láńdíléédì wo ló ń pọn omi fún ayálégbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé àga mi síwájú. Mo jókòó sórí rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní bí àwọn òyìnbó ṣe sọ ọ́, ilẹ̀ ni apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ náà, apá kejì sì ni wọ́n fi ń pe Olúwa nínú Bíbélì wọn. Ó ní tíṣà wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ wọn pé láyé àtijọ́, nílùú òyìnbó, olùṣọ́ búrẹ́dì ni ìtumọ̀ apá kejì yẹn, ẹni tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń bá a jẹ. Ọkọ rẹ̀ tó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní ẹni tó bá ń bójú tó ilé ọtí lọ́hùn-ún, láńdílọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, bí kò tilẹ̀ ni ìgò kan níbẹ̀. Mo ní kí ó kọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ gbọ́. Olúwa ilẹ̀, olùṣọ́ búrẹ́dì, onílé ọtí. N kò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí. Ní ọdún tí ẹ kú, Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé epo náà lọ. Ó kú kí ìkórè kejì tó dé. Mo wo ọ̀nà títí, n kò rí ẹnikẹ́ni láti ilé Bàbá Ṣùnmọ́nù tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Inú bí mi. Mo ní bí wọn ò bá lè ràn mí lẹ́kún, èmi náà ò ní gbé epo fún wọn. Ìkórè dé, mo jókòó. Èkejì dé, mo jókòó. Ẹ̀kẹta dé, mo ti gbàgbé pé mo jókòó.

Ní Sátidé tó ṣáájú èyí tó kọjá, ọkùnrin mẹ́rin dé láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Èyí tó ṣíwájú kí mi dáadáa. "Láńdílọ́ọ̀dù, ẹ kú ilé o." Mo rò pé káńsù ló rán wọn láti wá kọ nọ́ńbà sára ilé. Mo gbé àga fún wọn, mo bu omi. Mo tilẹ̀ ní kí ẹni tó ń kọ ọ́ jẹ́ kó tóbi, kí àwọn tó ń bọ̀ láti títì lè rí i. Ó wò mí. Ó ní, "Á tóbi, bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Wọ́n mu omi mi tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo dúró síwájú ògiri, mo ń yọ̀.

Sàmúẹ́lì tó ń gbé yàrá iwájú jáde, ó kà á, ó padà wọlé. Ní ọ̀sán, mo rí i tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde.

"Sàmúẹ́lì, ṣé o ń kó lọ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti rí yàrá ní Èjìgbò."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí, sà."

Bọ́sẹ̀ ló kà á fún mi lọ́jọ́ kejì, nígbà tó dé láti Òkòtà lẹ́yìn ìsìn. Ilẹ̀ ẹbí ni. A ti tà á. Ẹ kó jáde. Mùráínà, àbíkẹ́yìn Bàbá Ṣùnmọ́nù tó di olórí ẹbí, ló tà á fún agbaṣẹ́ṣe kan. Yàrá mẹ́jọ ni ilé wa. Èmi nìkan ló kù nínú rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú yín.

Lánàá, ní Ọjọ́bọ̀, ni mo lọ bá Ìyá Ṣìfáwù, àkọ́bí Bàbá Ṣùnmọ́nù. Òun ló wá tọ́ka sí ibi tí a gbẹ́ sàréè yín sí, ẹ ò lè mọ̀. Mo bá a lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Orúnkún mi ò gbà mọ́, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀.

"Háà, láńdílọ́ọ̀dù! Ṣé ẹ wá gba owó ilé ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n kó jáde?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀! Ìkórè mẹ́ta, a ò rí epo, a ò rí iṣu. A ní bóyá ẹ ti kú. Àfi bí a ṣe rí yín ní Bọ́ládé pẹ̀lú fìlà tuntun."

Mo ní aya mi kú, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé wọn tó wá wò mí. Ó dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Àwa obìnrin méje la wá, a gbé oúnjẹ dání. Ayálégbé yín kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní láńdílọ́ọ̀dù ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Oòrùn pa wá níbẹ̀ títí. A gbé oúnjẹ wa padà sílé."

Òótọ́ ló sọ, Bàbá mi. Èmi ni mo fi Sàmúẹ́lì sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ilẹ̀kùn, tí mo dojú kọ ògiri. N kò fẹ́ gbóhùn ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń bínú pé ẹnikẹ́ni ò wá.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe.

"Ẹ̀yin kọ́. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ni kì í tún wá kanlẹ̀kùn ẹni. Ẹ gbọ́, gbogbo wọn ti tẹ̀ka sí ìwé Mùráínà. Tèmi ló kù, láìsí tèmi kò sí ohun tó tà. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, katakata tó ń wólé á dé. Ẹ ní àkọ́bí àbí ẹ ò ní? Kí ó gbé epo rù ní Sátidé, kí ó fẹsẹ̀ rìn, kí ó má wọ mọ́tò. Kí ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé, kí ó sọ ohun tí bàbá yín máa ń sọ."

"Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní tẹ̀ka?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ló ràn mí lọ́wọ́ láti dìde.

Mo sọ fún Bọ́sẹ̀. Hẹ́dítíṣà ni Bọ́sẹ̀ ní Òkòtà báyìí, ẹ ò rí ìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ lọ́yà ni. Lọ́yà wo ló máa dé kí ọjọ́ Ajé tó dé? Ó ní kí n ro ojú òun wò, àwọn òbí ọmọ iléèwé òun ló kún ojú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n wá rí hẹ́dítíṣà tó ru kẹ̀ẹ̀gì epo. Mo rò ó wò. Ojú tì mí fún un bí ojú ṣe tì mí fún yín lórí ebè lọ́jọ́sí. Ibi tí ìtìjú yẹn gbé mi dé ni iyanrìn wà yẹn. Ó kàn ń kọ ọ́ báyìí.

Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Ẹ sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀ pé àwọn obìnrin méje wá, pé wọ́n gbé oúnjẹ dání. Kò yẹ kí ó má mọ̀. Mo fẹ́ràn yín, n kò sì sọ ọ́ nígbà tí etí yín ń gbọ́. Èmi ni ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tó bàjẹ́ mọ́.

Bọ́sẹ̀, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Kọ èyí náà sílẹ̀. N kò ní bi ọ́ lọ́la bóyá o lọ tàbí o kò lọ. Bí o bá lọ, bóyá ìyá yẹn á tẹ̀ka, bóyá kò ní tẹ̀ka, Ọlọ́run ló mọ̀. Bí o kò bá lọ, wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí o mú ọkọ́ méjì dání àti aṣọ funfun tó mọ́, kí èmi àti ìwọ wú bàbá mi jáde fúnra wa kí ẹ̀rọ tó débẹ̀. Àkọ́bí mi ni ọ́. Mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́.