Abọ́ Tí Wọn Kò Gbé Ka Iwájú Bùrọ̀dá Máúrù

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Wahab Olúgbénró Dàwódù, tí àwọn mọ́ńkì ń pè ní Bùrọ̀dá Máúrù, 1908 sí 1958

Ní Òkè Kótó, Agége, ní ọdún 1908, nínú ilé tí Bàbá Dàwódù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi èrè oko obì rẹ̀ kọ́, ni a bí Wahab Olúgbénró sí. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìfàkọ̀, ni ìyá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀ nínú ilé náà, Sùlíyá ni, òun ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Sùlíyá yìí kan náà ló jókòó síwájú akọ̀wé tó kọ ìwé tí ẹ mú dání yìí, tó ń sọ ọ́, tí akọ̀wé ń kọ. Tìbínútìbínú ló fi sọ ọ́. Akọ̀wé ní kí àwọn dín ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ nítorí àwọn àlejò, Màmá Sùlíyá ní kó kọ ohun tí òun wí.

Ní ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú mú Àbẹ̀kẹ́ lọ. Wahab ṣì ń kéwú lọ́dọ̀ Áfáà àdúgbò nígbà náà. Bàbá Dàwódù kò mọ bí ọkùnrin ṣe ń tọ́ ọmọ tí kò ní ìyá, ló bá fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà ló wà lẹ́bàá ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà náà, ibẹ̀ ló sì fi ọmọ sí. Kò sí ẹni tó ro nǹkan kan sí i. Ìwé ni a ní kó lọ kà.

Ní ọdún 1925, Wahab ṣe ìrìbọmi. Ẹnu oníṣòwò obì kan ní ìdíkọ̀ rélùwéè ni Bàbá Dàwódù ti gbọ́ ọ, ìtìjú náà sì dùn ún ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Wahab gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1928, tó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Agége, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Bàbá á kọjú sí ògiri, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Wahab á dìde, á gbọn eruku nù lára, á wọlé lọ jẹun lọ́dọ̀ Sùlíyá.

Ibi tí irú ìwé báyìí ti máa ń ròyìn ìgbéyàwó la dé yìí. Wahab kò gbéyàwó. Ní 1932, Bàbá Dàwódù rò pé obìnrin ni yóò fà á padà wálé, ó sì rán Sùlíyá lọ tọrọ Fàúsát, ọmọ aládùúgbò wa. Wahab fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọmọbìnrin náà, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò ní fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Fàúsát ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ó sì wà ní ìjókòó pẹ̀lú wa lónìí. Òun kò bínú rárá. Àwa ará ilé la bínú.

Ní 1935, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì Bẹ́nẹ́díìtì tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ lọ́nà Ìjú. A kò ní kọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà síhìn-ín. Màmá Sùlíyá ní ìwé òkú àbúrò òun kò ní bá wọn polówó. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n, mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin tí kì í fẹ́yàwó, tí kì í ní ohunkóhun fúnra wọn, tí wọ́n ń gbàdúrà pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ bí ẹnìkan ṣe ń kàwé sí wọn létí. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ dúdú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Máúrù. Sùlíyá kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ìṣirò àti èdè Látìn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Nọ́ńbà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ sára aṣọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Bùrọ̀dá Máúrù kò lè fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn òbí bá wá wo ọmọ wọn, á dúró sẹ́nu géètì, á máa bi àwọn ìyá léèrè, "Màmá, kí ni oríkì ọmọ yín?" Bó bá di ọjọ́ Ajé, tó ṣí ìwé orúkọ, Àjàní, Àlàó, Àkàndé lẹ ó máa gbọ́. Suara, tó ti di ọ̀gá láàrin àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà báyìí, ti sá kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu Bùrọ̀dá. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Kò mọ ìṣirò títí di òní, ṣùgbọ́n kò sá mọ́. Fádà Àgbà, òyìnbó tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ní kí Bùrọ̀dá jáwọ́ nínú oríkì pípè. Ó jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni.

Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ mọ́ńkì ní láti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn kí ó tó di mọ́ńkì pátápátá. Ní 1939, Bùrọ̀dá Máúrù ní òun ti múra tán. Wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Ní 1947 ó tún bèèrè, wọ́n tún ní kó dúró díẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀bà, jẹ́ ẹ̀jẹ́ tiwọn níṣojú rẹ̀. Ní 1954 ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, dúró díẹ̀ náà ni. Sùlíyá bi í pé, "Wahab, dúró díẹ̀ yìí, títí di ìgbà wo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà jẹ́ n dúró." Ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí Sùlíyá nínú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti abọ́, torí abọ́ ni ìjà wa. Ní 1950, Fádà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi kú. Àṣà àwọn mọ́ńkì ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àyè rẹ̀ nídìí tábìlì kò ní ṣófo fún oṣù kan gbáko. Wọ́n á gbé àgbélébùú kékeré síbẹ̀, wọ́n á bu oúnjẹ òkú náà bí ẹni pé ó wà láàyè, wọn yóò sì gbé oúnjẹ náà jáde fún tálákà tí yóò gbàdúrà fún un. Bùrọ̀dá Máúrù ni wọ́n ní kó máa gbé e jáde. Ó yan Màmá Sìlífátù, opó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè ní Agége. Lójoojúmọ́ ni Màmá Sìlífátù ń bá odi rìn dé géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí Bùrọ̀dá sì ń jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó tọrọ gááfárà pé òun fẹ́ tètè máa lọ, òun fẹ́ lọ gbé oúnjẹ òkú fún aláìní. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá Dàwódù. Ó yí ojú kúrò lára ògiri.

"Ṣé sàráà ni ẹ máa ń ṣe níbẹ̀ ni?"

"Sàráà ni, Bàbá."

"Jókòó."

Láti 1925, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọmọ rẹ̀ sọ. Sùlíyá wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò sì lè jáde. Láti ìgbà náà, bí obì bá ti bọ́ nínú oko, bàbá á ya ti Wahab sọ́tọ̀. Ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀ kò yé bàbá náà, àìníyàwó rẹ̀ kò yé e, aṣọ dúdú yẹn kò yé e. Abọ́ yẹn nìkan ló yé e. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní 1953, ó bi Wahab pé, "Bí ìwọ náà bá kú, ṣé wọ́n á gbé tìẹ?" Wahab ní, "Wọ́n á gbé e, Bàbá." Bàbá Dàwódù bá kọjú sí Sùlíyá, ó ní, "Kí o lọ bá mi wò ó." Kò pẹ́ tó fi kú.

Ní 1955, mọ́ńkì mìíràn kú, Bùrọ̀dá Máúrù tún gbé abọ́ ẹni náà fún oṣù kan.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1958 yìí, ó ṣubú nídìí pátákó bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Àwa ẹbí wọ ọkọ̀ lọ gbé òkú wa wálé, kí a lè sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Fádà Àgbà kọ̀. Ó ní ọmọ ilé àwọn ni Bùrọ̀dá Máúrù, ilẹ̀ àwọn ni yóò sùn sí. Làsísì, ọmọ Sùlíyá, ti fẹ́ bá wọn wọ̀yá ìjà. Sùlíyá ló dá a dúró. Ó ní bí wọ́n bá pè é ní ọmọ wọn, wọ́n á gbé abọ́ rẹ̀, ohun tí bàbá àwọn sì fẹ́ nìyẹn. Nítorí abọ́ yẹn ló ṣe gbé òkú àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, tí a parí àdúrà, Sùlíyá ní kí Suara mú òun lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ wo abọ́. Ó fa Màmá Sìlífátù lọ́wọ́ dání, torí ó ti dá a lójú pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ náà ń bọ̀. Ó gbé abọ́ tánganran tí Wahab fi ń jẹun nígbà èwe lọ́wọ́, bóyá wọ́n á gbà kó jẹ́ òun ni wọ́n á máa bù ú sí. Màmá Sìlífátù jókòó sẹ́nu géètì, níbi tó máa ń jókòó sí. Agogo oúnjẹ lù. Sùlíyá yọjú lójú fèrèsé ilé ìjẹun. Kò rí àgbélébùú, kò rí abọ́. Ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè Wahab, ó ń jẹun.

Fádà Àgbà jáde sí i. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ní, "Màmá, Bùrọ̀dá kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn. Àṣà yẹn, ti mọ́ńkì pátápátá ni."

Sùlíyá ní, "Fádà, lọ́jọ́ tí mo wá gbé òkú àbúrò mi, ẹ ní ọmọ yín ni. Ṣé ọmọ yín kì í jẹun ni?"

Ó ní àṣà làṣà.

"Ta ló ní kó má jẹ́ ẹ̀jẹ́? Ṣé òun ló kọ̀ ni, àbí ẹ̀yin lẹ ní kó dúró?"

Fádà Àgbà wọlé lọ parí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí Sùlíyá padà dé géètì, Màmá Sìlífátù gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ní, "Sùlíyá, ṣé wọ́n ti bù ú?" Kò sí ohun tí wọ́n ṣe fún wa níbẹ̀ tó dùn wá tó ìbéèrè yẹn. A bínú títí di àkókò tí a ń kọ ìwé yìí, a kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú sí ìbínú wa.

Láti ọjọ́ kejì tí a ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Dàwódù ni a ti ń gbé abọ́ Wahab. Sùlíyá ń sebẹ̀, ó ń bu oúnjẹ sínú tánganran rẹ̀, ó ń gbé e ka iwájú àga tí kò sí ẹni tó jókòó lé. Àwọn tí Wahab kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ káàkiri Ìkẹjà báyìí, ń pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá ti jáde, ẹni tí ọjọ́ kàn á gun kẹ̀kẹ́ wá sí Òkè Kótó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á gbé abọ́ náà lọ fún Màmá Sìlífátù, á sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ti ìjókòó yẹn.

Fádà Àgbà sọ níbi ìsìnkú pé Bùrọ̀dá Máúrù kò fi ọmọ sílẹ̀. Irọ́ ni. Lára àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Sùlíyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Làsísì àti Jọkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ Jọkẹ́, tó ń pè wọ́n ní ọmọ-ọmọ òun láìtijú. Àti Suara pẹ̀lú gbogbo Àjàní, Àlàó àti Àkàndé tó kọ́ ní ìṣirò, àwọn tó mọ ìṣirò náà àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Òní ni ogójì ọjọ́ rẹ̀, òní náà sì ni abọ́ ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ ó rí àga kan tí abọ́ tánganran wà níwájú rẹ̀. Ẹ má jókòó síbẹ̀. Màmá Sìlífátù yóò wà nídìí rẹ̀, òun ni yóò jẹ ẹ́, òun ni yóò sì kọ́kọ́ ṣàdúrà. A ti ránṣẹ́ pe Fádà Àgbà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n dúró díẹ̀.

Wahab ọmọ Dàwódù, Sùlíyá ti lọ wò ó fún Bàbá, ó sì ti gbé e. O ti dúró tó. Máa sùn, àbúrò mi.